Ihò mẹ́ta péré

“Mọ́mì, ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyí?”

Ọmọ mi obìnrin ló bi mí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, nígbà tó ń bá mi pààrọ̀ báńdéèjì nínú balùwẹ̀. Ó ti múra ọkàn sílẹ̀ láti rí nǹkan tó burú. Kó tó ṣí i, mo rí i tó kọ́kọ́ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó gbé itọ́ mì. Ihò mẹ́ta péré ló bá ní ìhà mi ọ̀tún: méjì ò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ẹ̀kẹta tó wà nísàlẹ̀ abíyá gùn tó ìka ọmọńdinrín. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ bá a rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín yẹn fà mí láti àyà dé ẹ̀yìn, mo tètè gbé e mì.

Ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá báyìí. Mi ò tíì dá a lóhùn dáadáa.

Ẹni tó bá ti ń bá mi bọ̀ lórí bùlọ́ọ̀gì yìí mọ̀ pé ìròyìn ni mò ń kà lórí rédíò, ọdún kẹtàlélógún rèé. Ẹ sì mọ̀ pé ibí yìí dákẹ́ lọ́dún tó kọjá. Àwọn kan tiẹ̀ kọ̀wé sí mi pé ṣé kò sí nǹkan o. Nǹkan wà. Mo yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ibi iṣẹ́, mo fi èjìká lélẹ̀, wọ́n ní kí n lọ ya fọ́tò. Èjìká ò ní nǹkan kan. Àbààwọ́n kékeré kan ló wà ní etí fọ́tò náà, lára ẹ̀dọ̀fóró. Bí mo ṣe ti ibẹ̀ dé inú CT scan, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, nìyẹn, tí wọ́n tún fi abẹ́rẹ́ gígùn bu díẹ̀ lára ẹ̀ lọ yẹ̀ wò, tí ọ̀rọ̀ sì já sí jẹjẹrẹ. Mi ò húkọ́ tẹ́lẹ̀, mi ò rù, mi ò tutọ́ ẹ̀jẹ̀. Ká ní mi ò ṣubú ni, ó ṣeé ṣe kí n má mọ̀ títí yóò fi pẹ́ jù. Mo ti dárí ji àtẹ̀gùn yẹn.

Ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún pín sí mẹ́ta, ti òsì pín sí méjì, torí pé ọkàn náà fẹ́ àyè lápá ọ̀hún. Ìpín tó wà lókè pátápátá lápá ọ̀tún ni tèmi wà. Kókó náà ò tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, kò sì tíì ràn dé ibòmíràn, ìpele kìíní ni wọ́n kà á sí. Mo ti lérò pé wọ́n á kàn yọ kókó náà bí ẹni yọ òkúta kúrò nínú bàtà ni. Oníṣẹ́ abẹ ní rárá, gbogbo ìpín òkè yẹn ni yóò lọ, pẹ̀lú àwọn kókó ara kéékèèké tó wà nítòsí ẹ̀, kí wọ́n lè yẹ̀ wọ́n wò.

Ó yàwòrán ẹ̀ fún mi sẹ́yìn àpò ìwé kan. Wọ́n á fi oògùn kùn mí lóorun, wọ́n á ti rọ́bà gba ọ̀fun mi wọlé lọ́nà tí ẹ̀dọ̀fóró òsì á fi máa dá mí, tí ti ọ̀tún á sì wálẹ̀ pẹ̀lẹ́bẹ́ bíi bàlúùnù tí wọ́n tú. Kámẹ́rà á gba ihò kan wọlé, irin iṣẹ́ á gba ìyókù, àwọn á máa wo inú àyà mi lójú tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n á gé iṣan ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó lọ sí ìpín yẹn, wọ́n á dí ojú wọn pa, wọ́n á wá kó ohun tí wọ́n gé sínú àpò kan, wọ́n á fa àpò náà gba ihò tó tóbi jù jáde. Nígbà kan rí, wọn ì bá la ìhà mi láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú, kí wọ́n fi irin ya eegun ìhà sọ́tọ̀ kí ọwọ́ lè ráyè wọlé. Wọ́n ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun tó yẹ kí n sọ fún ọmọ mi nínú balùwẹ̀ nìyẹn: ilẹ̀kùn lo rí, o ò rí ẹrù tó gba ibẹ̀ jáde. Mi ò rí i sọ lọ́jọ́ náà torí pé èmi fúnra mi ò tíì mọ̀ ọ́n. Bí mo ṣe wo ihò mẹ́ta yẹn nínú dígí, ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti tó, ihò kan, ọ̀sẹ̀ kan. Mo tiẹ̀ ti fi ránṣẹ́ síbi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún mi nípa ìgò. Nígbà tí mo jí, rọ́bà kan ti wà ní ìhà mi tó lọ sínú ìgò omi kan nílẹ̀. Wọ́n ní ojú ibi tí wọ́n gé lára ẹ̀dọ̀fóró máa ń jò afẹ́fẹ́ díẹ̀, rọ́bà yẹn ni afẹ́fẹ́ á máa bá jáde títí ojú ẹ̀ á fi dí. Nọ́ọ̀sì á wá láràárọ̀, á lóṣòó ti ìgò bí ẹni tó ń wo ẹja, á ní, “Ẹ bá mi húkọ́ kan, mà.” Mo bá húkọ́, omi á hó, á mi orí, á lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni omi fi hó. Mo ń gbé ìgò náà rìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ọjọ́ kejì, torí wọn ò jẹ́ kéèyàn dùbúlẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá dùbúlẹ̀ ni òtútù àyà ń bá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo húkọ́, omi kàn lọ sókè, ó padà wálẹ̀, kò hó. Inú nọ́ọ̀sì yẹn dùn ju tèmi lọ. Wọ́n ní kí n mí sínú, kí n dá a dúró, wọ́n bá fà á. Kò dùn mí tó bí mo ṣe rò, àmọ́ ó gùn! Bí ìgbà tí wọ́n fa okùn ṣòkòtò jáde ló rí lára mi, tó ń bọ̀, tó ń bọ̀, tí kò sì tán.

Kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nílé ìwòsàn kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ohùn mi ni. Mo jí, mo ní kí n pe ọkọ mi, ohun tó jáde dà bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi òróró sí. Rọ́bà tí wọ́n fi sí ọ̀fun ló fà á, ó sì lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n kó tó lọ, mo ti fọkàn kọ lẹ́tà ìfẹ̀yìntì mi lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo délé. Ìrọ̀rí kékeré kan di ẹ̀yà ara mi. Tí sísín bá ti ń bọ̀, mo á ti fi ìrọ̀rí tẹ ìhà, ma fọwọ́ méjèèjì mú un, ma dijú. Bàbá àwọn ọmọ mi, tó jẹ́ pé àwàdà ni ẹnu ẹ̀ mọ̀ jù, ni a fi òfin dè: kò gbọ́dọ̀ pa mí lẹ́rìn-ín fún oṣù kan. Ó gbìyànjú. Ìṣòro ẹ̀ ni pé bó ṣe ń gbìyànjú láti má pa èèyàn lẹ́rìn-ín, ìyẹn gan-an ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín.

Ìrora àkọ́kọ́ yẹn, mo ti retí ẹ̀, oògùn sì wà fún un. Èyí tó tẹ̀ lé e ni mi ò retí. Nígbà tí ojú ọgbẹ́ ti jiná tán, tí àwọ̀ ibẹ̀ ti padà, ni nǹkan mìíràn bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ọmú ọ̀tún, níwájú, níbi tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn. Ibì kan tó tó àtẹ́lẹwọ́ kú pátápátá, n ò mọ̀ bí mo bá fọwọ́ kàn án. Etí ẹ̀ wá ń ta mí bíi pé èèrà jíjá ló wà níbẹ̀. Mo rò pé jẹjẹrẹ ti dé ibòmíràn ni. Mi ò sùn lóru méjì. Oníṣẹ́ abẹ ló là á yé mi: iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára wà lábẹ́ eegun ìhà kọ̀ọ̀kan, ó yí láti ẹ̀yìn wá síwájú bí ìgbànú. Bó ti wù kí ihò kéré tó, àárín eegun ìhà méjì ni irin ń gbà kọjá, iṣan yẹn ni irin ń rọ̀ mọ́ fún wákàtí mélòó kan. Ibi tí iṣan bá parí sí níwájú ni èèyàn á ti máa gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń rọ̀ fúnra ẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan, àwọn kan sì wà tí kì í lọ tán fún.

Tèmi kò tíì lọ tán. Oṣù mẹ́rin ni mi ò fi lè wọ kọ́mú. Ẹ̀yin obìnrin tó ń kà á, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ: ibi tí rọ́bà kọ́mú ti ń di àyà mú gan-an ni. Mo ń da ìborùn bo ara lọ síbi iṣẹ́, nínú ooru. Ó kéré lójú ẹni tí kò ṣe é rí. Bẹ́líìtì ọkọ̀ náà, mo ń fi ọwọ́ gbé e kúrò lára bí ẹni gbé ejò, tí mo bá jókòó síbi tó ti ń gba èjìká ọ̀tún kọjá.

Torí pé iṣẹ́ mi ni láti ka ohun tí àwọn ẹlòmíràn kọ kí n sì tún un sọ, mo wá ìwádìí kà. Ní ìlú Odense ní orílẹ̀-èdè Denmark, wọ́n pín èèyàn 206 sí méjì, wọ́n fi kámẹ́rà ṣe ti ìdajì, wọ́n la ìhà ìdajì, wọ́n sì tọpa wọn fún ọ̀sẹ̀ 52. Wọ́n tẹ èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2016. Àwọn oníkámẹ́rà jẹ ìrora tó kéré ju ti àwọn yòókù lọ, mo gbà. Ohun tó dá mi dúró ni pé fọ́ọ̀mù méjì ni wọ́n fi bi wọ́n bí ayé ṣe rí fún wọn. Fọ́ọ̀mù kúkúrú kan tó ní ìbéèrè márùn-ún sọ pé ayé dẹ̀ fún àwọn oníkámẹ́rà jù. Fọ́ọ̀mù gígùn oníbèéèrè 30, lọ́wọ́ àwọn èèyàn kan náà, kò rí ìyàtọ̀ tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èèyàn kan náà, ìhà kan náà, ìwé méjì, èsì méjì.

Èyí tó jáde lọ́dún 2022 láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tóbi jù ú lọ, èèyàn 503. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni wọ́n wo agbára tí wọ́n fi ń rìn, tí wọ́n fi ń ṣe nǹkan fúnra wọn, àwọn oníkámẹ́rà fi nǹkan bíi máàkì márùn-ún nínú 100 ju àwọn yòókù lọ, wọ́n sì tètè lọ sílé ní nǹkan bí ọjọ́ kan. Máàkì márùn-ún. Kì í ṣe pé mò ń yọ ṣùtì sí i o. Tí wọ́n bá ní kí n tún yàn, ihò mẹ́ta yẹn náà ni ma yàn, láìronú. Àmọ́ mo rò ó pé ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún tèmi, mo lè rìn yí àdúgbò ká, mo lè wẹ̀ fúnra mi, ma sì gba máàkì gidi lórí fọ́ọ̀mù wọn. Mi ò lè ka ìròyìn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èyí, torí òun ni mo jókòó kọ̀wé fún.

Ẹni tó ń ka ìròyìn kì í mí bó ṣe wù ú. Kí n tó wọlé síwájú makirofóònù, mo máa ń fi pẹ́ńsù fa ìlà kékeré síbi tí mo ti máa mí nínú ìwé. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé kéèyàn mí níbi tí ìtumọ̀ bá ti mí. Ọdún méjìlélógún ni mo fi ń fa ìlà kan sí bí ìlà ìwé méjì. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n débi pé mi ò ronú sí i mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ni mo padà. Ìròyìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àtẹ̀gùn méjìlélógún ló wà láti ìsàlẹ̀ dé sítúdíò, àtẹ̀gùn tó gbé mi ṣubú náà ni, mo sinmi lórí ìkẹsàn-án, mo sinmi lórí ìkẹtàdínlógún. Mo fa ìlà mi bí mo ti ń fà á látẹ̀yìnwá. Gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa títí mo fi dé ìròyìn eré ìdárayá, tó jẹ́ òun ló kẹ́yìn. Gbólóhùn náà lọ báyìí: “Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó gba ife ẹ̀yẹ náà lọ́dún tó kọjá ti já kúrò nínú ìdíje tọdún yìí, lẹ́yìn tí wọ́n gbá góòlù méjì sínú àwọ̀n wọn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta tó kẹ́yìn.” Ìlà kan ṣoṣo ni mo fà sí i, lẹ́yìn “yìí.” Mo mí níbẹ̀. Èémí tó wọlé ò tó ìdajì ohun tí mo pè. Nígbà tí mo fi máa dé “láàárín,” kò sí nǹkan nísàlẹ̀ mọ́.

Ẹ sì mọ èdè wa. Ẹni tó ń ka ìròyìn lédè Gẹ̀ẹ́sì, tí èémí bá tán án lẹ́nu, ohùn á kàn lọọlẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ á ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀. Ní Yorùbá, àmì òkè ló máa ń kọ́kọ́ já. Ọkọ́ á di ọkọ, igbá á di igba. Mò ń gbọ́ ara mi nínú fóònù etí, bí ọ̀rọ̀ mi ṣe ń di ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. “Ìṣẹ́jú mẹ́ta” tí mo pè lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ ohun tí ẹ̀yin gbọ́. Ohùn mi wá gbọ̀n, ó já, mo bá dákẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, ìyẹn sì pẹ́ bí ọjọ́ lórí rédíò.

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn olùgbọ́ ń béèrè pé ṣé mò ń sunkún ni. Ọ̀kan ní òun náà fẹ́ràn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ọ̀hún, pé kí n má mu ún le, ọdún tó ń bọ̀ ń bọ̀.

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n sọ fún mi. Ó dé ilé tán kí n tó sunkún.

Wọ́n gbé mi lọ sídìí títúmọ̀ ìròyìn lẹ́yìn ìyẹn, “kó o fi sinmi díẹ̀.” Ìsinmi náà gba oṣù márùn-ún. Ẹni tó gbé mi síbẹ̀ ò ṣìkà, mo mọ̀, àmọ́ mi ò rántí pé ó bi mí kó tó ṣe é. Ohun tí mo wá rí ni pé irú èèyàn méjì ló yí mi ká. Àwọn kan wo ihò mẹ́ta, wọ́n ní, “Ìyẹn náà ni? Ó ti tán nìyẹn, àjíǹde ara á máa jẹ́,” wọ́n sì ń retí kí n gbé nǹkan, kí n sáré, kí n ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn kejì gbọ́ “jẹjẹrẹ,” wọ́n sì ti ń fi ohùn òkú bá mi sọ̀rọ̀. Kò sí àyè láàárín àwọn méjèèjì fún ẹni tí ara ẹ̀ le, tí kò wulẹ̀ lè parí gbólóhùn gígùn.

Físíò, ìyẹn ẹni tó ń fi eré ìmárale tún ara ṣe, ló bá mi ṣe é. Ọmọdébìnrin kan tí kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún, tó máa ń kúnlẹ̀ kí mi kó tó fìyà jẹ mí. Mo sọ fún un pé afẹ́fẹ́ kì í wọlé. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn mi, ó ní kí n kà nǹkan sókè. Mo kà á. Ó ní, “Ẹ má bínú o, mà, ó ń wọlé. Ẹ kì í jẹ́ kó jáde tán ni.” Ẹ̀rù àìtó èémí máa ń mú kí n já omíràn gbà kí ti àkọ́kọ́ tó kúrò, àyà á wá kún fún èyí tó ti lò tán. Ó ní kí n sú ẹnu bí ẹni tó fẹ́ fẹ́ àtùpà, kí n mí jáde fún ìlọ́po méjì ìgbà tí mo fi mí sínú. Ike kan tún wà, bọ́ọ̀lù mẹ́ta wà nínú ẹ̀, èèyàn á fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ kí bọ́ọ̀lù lè gòkè. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, bọ́ọ̀lù kan gbéra bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, ó padà sùn. Oṣù kejì ni ìkejì dìde. Ìkẹta ṣì ń ro ara ẹ̀ wò títí di òní.

Ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n gé kì í hù padà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ìpín méjì tó kù á nà díẹ̀ sínú àyè tó ṣófo, iṣan tó wà láàárín àyà àti ikùn á sún sókè, ilé á tún ara ẹ̀ tò. Kí wọ́n tó ṣe é fún mi, lítà 2.3 ni mo fẹ́ sínú ẹ̀rọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní oṣù kẹfà, 1.9. Físíò ní ó dáa. Èmi ò mọ ohun tí ó dáa sí nínú rẹ̀ títí mo fi gbé bébà ìròyìn àtijọ́ kan nílé, tí mo tún un fà ní pẹ́ńsù tuntun: ìlà mẹ́ta níbi tí ọ̀kan wà rí. Mo kà á sókè nínú yàrá. Ó délẹ̀. Ó tún dùn létí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ẹni tó ń fara balẹ̀ sọ̀rọ̀. Oṣù kẹjọ ni mo padà sórí afẹ́fẹ́, ẹnì kan sì kọ̀wé pé mo ti wá ń kàwé bí àgbà.

Ọ̀rọ̀ sìgá. Mi ò lè kọ gbogbo èyí kí n fò ó. Ìbéèrè kejì lẹ́nu gbogbo èèyàn ni, lẹ́yìn “ẹ pẹ̀lẹ́”: “Ṣé ẹ máa ń mu sìgá ni?” Mi ò fẹnu kàn án rí. Ó wá di pé kí wọ́n tó béèrè ni mo ti ń sọ ọ́. Ní kíláàsì eré ìmárale tí físíò kó wa sí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo bá bàbá kan jókòó, ó sọ orúkọ, mo sọ tèmi, mo sì fi kún un lójú ẹsẹ̀ pé èmi ò mu sìgá rí o. Bàbá náà wò mí. Ó ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀, ìyá. Èmi mu ún fún ọgbọ̀n ọdún. Abẹ kan náà ni wọ́n fi gé wa.” Ojú tì mí débi pé mi ò rí èsì fọ̀. Òun ni a jọ ń rìn yípo pápá báyìí. Ó ń sáré jù mí lọ.

Òun ni mo sọ ìtàn dókítà kan fún, tí mo kà nígbà tí mi ò rí oorun sùn. Lọ́dún 1933, ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Evarts Graham yọ odindi ẹ̀dọ̀fóró òsì kan lẹ́ẹ̀kan náà nítorí jẹjẹrẹ, èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe kí aláìsàn sì yè é bẹ́ẹ̀. Dókítà ni aláìsàn náà, James Gilmore lorúkọ ẹ̀. Graham fúnra ẹ̀ ń mu sìgá. Ó wà lára àwọn tó kọ̀wé lọ́dún 1950 pé sìgá ló wà nídìí ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, jẹjẹrẹ náà ló sì pa á lọ́dún 1957. Gilmore, tó ku ẹ̀dọ̀fóró kan, wà láyé títí di 1963. Bàbá yẹn gbọ́ ọ tán, ó rìn lọ díẹ̀, ó ní, “Ṣé ó lè gun àtẹ̀gùn?” Mo ní ìwé ò sọ. Ó ní, “Ìyẹn ló yẹ kí wọ́n kọ.”

Àyẹ̀wò oṣù mẹ́fà mẹ́fà, mi ò ní sọ púpọ̀ nípa ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó bá ṣáájú ẹ̀, gbogbo ikọ́ ni jẹjẹrẹ, mo sì máa ń to gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù ilé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣe é. Méjèèjì mọ́.

Ohun kan ṣì kù tí àwọn oníwádìí ò ní bi mí. Lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ìgbéyàwó, èmi àti ọkọ mi pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Apá ọ̀tún mi ló máa ń wà, bó bá sì ti sùn, ọwọ́ ẹ̀ á já bọ́ lé mi níhà bí igi. Òru kẹta tí mo délé, mo kígbe tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ fi sáré wọlé. A pààrọ̀ lóru yẹn. Ó ní ìgbà díẹ̀ ni. Nígbà tí mo wá ní kó padà sáyè ẹ̀ lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kò rí oorun sùn, èmi náà kò rí i sùn, la bá tún padà síbi tí àìsàn tò wá sí. Mi ò tíì lè fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn di ilẹ̀ mọ́. Wákàtí kan, ó pọ̀ jù.

Fọ́ọ̀mù oníbèéèrè 30 yẹn kan náà ni wọ́n gbé fún mi nígbà tó pé ọdún kan. Láti 1993 ló ti wà, ibi púpọ̀ ni wọ́n sì ti ń lò ó. Ṣé ó ṣòro fún ọ láti rìn jìnnà? Díẹ̀. Ṣé o nílò kí ẹnì kan bá ọ wọ aṣọ? Rárá. Ìwé kejì tó tẹ̀ lé e, ti ẹ̀dọ̀fóró ní pàtó, oníbèéèrè 13, bi mí bóyá irun mi ń re. Mo fọwọ́ kan irun mi, mo ní rárá. Mo wá ibi tí wọ́n ti béèrè gbólóhùn, ohùn, kọ́mú, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo yí ìwé sẹ́yìn, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Mo padà sí ìbéèrè kẹtàdínlọ́gbọ̀n dé ọgbọ̀n nínú ìwé àkọ́kọ́, àwọn tí mo ti fò. Èyí tó kẹ́yìn ní kí n fi àmì yí nọ́ńbà kan ká, láti 1 tó burú jáì dé 7 tó dára jù lọ: báwo ni ayé ṣe rí fún mi lápapọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá? Mo yí 5 ká. Ọkọ mi tó ń yọjú láti èjìká mi ní, “Kí ló dé tí kì í ṣe mẹ́fà?”

Mo ní, “Ti ẹni tó ń fi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sùn ni mẹ́fà.”

Ó ní, “Èmi náà ò fi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sùn mọ́, ìwọ lo gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi.” Mo bú sẹ́rìn-ín níbẹ̀, lójú gbogbo àwọn tó jókòó, mo sì ti rẹ́rìn-ín lọ jìnnà kí n tó rántí pé mi ò mú ìrọ̀rí wá.